API Tó Mọ Ọ̀wọ̀ Àgbà

Èmi ni mo yan API náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi èyí síwájú, nítorí nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì ló ń sọ pé ẹ̀rọ ló fà á, èmi náà sì ń mi orí, inú mi ń dùn pé ẹ̀rọ ò lẹ́nu tó máa fi jiyàn. Wọ́n kó méjì síwájú mi pé kí n mú ọ̀kan. Mo mọ èyí tó dára. Èkejì ni mo mú, nítorí pé èkejì ò ní fi tipátipá mú mi kọ "féèlì" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tó jù mí lọ. Ẹni tó sì jẹ ìyà rẹ̀ kì í ṣe èmi.

Kọ̀tọnú ni mo wà. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ní ọmọ Ìgbógìlà kan wà nílẹ̀ òkèèrè, yìnyín lẹ máa kọ́kọ́ rò. Kò sí yìnyín níbí. Oòrùn tó ń pa Màmá mi lóko ẹ̀gẹ́ náà ló ń pa mí. Ẹni tó bá ra àkàrà ní Ìlaròó láàárọ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì dára, ó lè gbé e dé ọ̀dọ̀ mi kí ó tó tutù tán. Nítorí èyí, àwọn ará ilé ò kà mí sí ẹni tó rìnrìn àjò. Bọ̀dá kan ládùúgbò wa, tí àbúrò rẹ̀ wà ní Kánádà, sọ fún Màmá mi pé èmi ò tíì lọ, mo kàn yà ni.

Ó dáa, mo yà. Àmọ́ ibi tí mo yà sí, n kò lè ra omi mu níbẹ̀ láìfi ìka júwe.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́, Màdáàmù tó ni ilé iṣẹ́ náà jáde wá kí mi. Irun rẹ̀ ti funfun, ó ti pẹ́ ní Faransé kó tó padà wálé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lórí táìlì. Kí n tó gbórí sókè, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ti sáré lọ bu omi, òmíràn ti ń tú bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù mi, ẹnì kan sì ń fi fáìlì fẹ́ mi. Wọ́n rò pé ebi ló gbé mi ṣubú. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló fara ti ògiri tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bá wọn sọ Faransé díẹ̀, ó wá sọ ọ́ sí mi létí.

"Àbúrò, dìde. Ọwọ́ la máa ń bọ̀ níbí. Má jẹ́ kí wọ́n gbé ọ lọ sí ọsibítù."

Ẹ̀gbọ́n Ṣínà nìyẹn. Ọmọ Pọ́bẹ̀ ni, lódì kejì ààlà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè wa bí a ṣe ń sọ ọ́, àfi pé wọ́n ń da Faransé sí i bí ẹni da iyọ̀ sọ́bẹ̀. Òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú áàpù tí ilé iṣẹ́ wa ń ṣe. Iṣẹ́ áàpù náà ni pé kí àwọn onísọ́ọ̀bù máa fi fóònù ránṣẹ́ sí békárì pé búrẹ́dì báyìí ni àwọn ń fẹ́ lọ́la. Òun náà ló sọ fún Màdáàmù pé òun mọ ọmọ Ìgbógìlà kan tó lè máa dán áàpù yìí wò. Ọmọ náà ni èmi, tí mo ṣe pólì díẹ̀ tí mo fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ mi ò ju kí n máa tẹ áàpù yẹn, kí n máa yọ ọ́ lẹ́nu, bí ọmọdé tó rí fóònù àlejò, títí ibi tó bá ti bàjẹ́ á fi hàn.

Ìyàwó àti àwọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n Ṣínà wà ní Pọ́bẹ̀. Sátidé ló máa ń lọ wò wọ́n, á padà lọ́jọ́ Àìkú. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ń pè é ní Tọ́ntọ́n, bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń pe ọkùnrin àlejò tó bá kó bisikíìtì wá. Ẹ̀gbọ́n máa ń sọ ọ́ bí àwàdà. Màdáàmù fẹ́ ṣí ọ́fíìsì kan sí Pọ́bẹ̀, ó sì ti ṣèlérí pé bí iṣẹ́ búrẹ́dì yìí bá lọ dáadáa, Ẹ̀gbọ́n ni yóò ṣe olórí rẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí kì í mẹ́nu ba Pọ́bẹ̀. Ó ti sọ irú àga tí òun máa gbé síbẹ̀. Ó ti sọ ibi tí òun á ti máa yọjú wo ọmọ náà bó bá ń ti ilé ìwé bọ̀.

Ní ọ̀sán, gbogbo wa la jọ ń jẹun. Èdè Fọ̀n ni wọ́n fi ń ṣàwàdà, wọ́n á wá fi Faransé ṣàlàyé àwàdà náà. Èmi a dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, màá wá rẹ́rìn-ín tèmi. Lọ́jọ́ kan mo rẹ́rìn-ín dáadáa, mo tiẹ̀ gbá tábìlì, àṣé ọmọbìnrin tó ń sọ̀rọ̀ ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe sìnkú ìyá àgbà rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, ojú Ẹ̀gbọ́n Ṣínà ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó mọ ohun tí màá fi ojú tèmi ṣe.

Mo ti rò ó. Kì í ṣe jíjìnnà ló ń sọ ènìyàn di àjèjì. Nílé, bí mo bá rí àgbàlagbà kan ní Ìgbógìlà tí n kò kí i, kí n tó dé ilé wa, Màmá mi ti gbọ́. Níbí, mo lè rìn kọjá lára gbogbo àgbà Kọ̀tọnú kí n máa súfèé, kò sí ẹni tó máa mọ ilé tí yóò ti lọ fẹjọ́ mi sùn. Òmìnira yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Mo wá di ìwọ̀nba ẹ̀kọ́ ilé tí mo kó wá mú ṣinṣin, bí ẹni tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà tí kò mọ ẹni tó ń wà á.

Nílé wa, ọ̀rọ̀ tí kò dára kì í wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilé àbúrò bàbá mi jóná ní Àfọ̀n, ẹni tí wọ́n rán wá sọ fún wa kọ́kọ́ béèrè omi. Ó béèrè iṣu. Ó yìn wá fún ìgbálẹ̀ tuntun. Ìgbà tó yá ló ní ó dà bíi pé ó yẹ kí ẹnì kan wá wo òrùlé Àfọ̀n. Bàbá mi ti mọ̀ láti orí omi. Ó ti ń wọ bàtà kí ọkùnrin náà tó dé orí iṣu.

Màmá mi náà ò yàtọ̀. Mo fi ewúrẹ́ kan sílẹ̀ kí n tó kúrò. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pe ilé, mo máa ń béèrè rẹ̀. Màmá kọ́kọ́ ní ó wà. Nígbà tí mo tún pè, ó ní kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́. Lẹ́yìn náà ó ní ó ń sinmi. Mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún àbúrò mi, òun ló wá tú àṣírí: wọ́n ti jẹ ewúrẹ́ náà kí n tó béèrè nígbà àkọ́kọ́. Mo bínú. Màmá gba fóònù padà, ó ní ṣé kí òun tún kó òkú ewúrẹ́ lé ẹni tó wà lájò lórí ni. Ó ní bí mo tilẹ̀ kàn yà lóòótọ́, mo ṣì wà lájò.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ API dé. Títí di ìgbà náà, bí mo bá dán nǹkan wò, orí wọ́tsáàpù ni mo ń kọ ọ́ sí, láàárín àwòrán ọmọ àti àdúrà òwúrọ̀. Màdáàmù ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní ká gba irinṣẹ́ kan tó máa ń tọ́jú gbogbo ìdánwò: ohun tí a dán wò, ẹni tó kọ ọ́, bó ṣe jáde. Àwọn ìdánwò tí kọ̀ǹpútà ń dá ṣe ní òwúrọ̀ kùtùkùtù yóò máa fúnra wọn gbé èsì lọ síbẹ̀, èsì á sì máa hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri. API ni ojú fèrèsé tí wọ́n máa gba ibẹ̀ gbé èsì wọlé. Irinṣẹ́ méjì ló kù lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣà wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fèrèsé tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ìwé ìlànà méjèèjì.

Gbogbo ojú yíjú sí mi.

Ẹ ò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ń fi ìka ra omi. Gẹ̀ẹ́sì mi, ìdánwò àṣejáde tí mo fi yege níléèwé, àánú ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbí, èmi ni ọ̀mọ̀wé. Wọ́n gbé àga tó ní apá fún mi. Ọmọbìnrin tí mo fi òkú ìyá àgbà rẹ̀ rẹ́rìn-ín gbé kọfí wá. Mo fi ọwọ́ ti àgbọ̀n, mo ń ka ìlànà API bí ẹni tó ń ka wíìlì bàbá olówó.

Mo sọ èkíní ní Bẹ́ẹ̀-ni-Bẹ́ẹ̀-kọ́. Ó yára. O lè kó gbogbo èsì òwúrọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò gbà á. Bí o bá ṣì í kọ, á sọ ibi tí o ti ṣì í. Àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì péré ló gbọ́: páàsì àti féèlì. Féèlì á sì jáde ní àwọ̀ pupa, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ iṣẹ́ náà, gbàgàdà lára ògiri.

Mo sọ èkejì ní Onísùúrù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gba èsì. Bí o bá yára jù, á ní kí o dúró. Ojú ìwé kan nínú ìlànà rẹ̀, ẹni tó ń kọ ọ́ dákẹ́ láàárín gbólóhùn, bóyá wọ́n pè é lọ jẹun. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe: o lè fún un ní ọ̀rọ̀ tìrẹ àti àwọ̀ tó wù ọ́.

Mo kọ́kọ́ dán Bẹ́ẹ̀-ni-Bẹ́ẹ̀-kọ́ wò pẹ̀lú èsì ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ògiri pọ́n. Adéṣínà, féèlì. Adéṣínà, féèlì. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Bí mo ṣe ń wò ó, mo gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọrin, ó mú búrẹ́dì àti ẹyin dání fún mi. Mo sáré fa wáyà tẹlifíṣọ̀n náà yọ. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní iná lọ. Ó gbójú sókè wo fáànù tó ń yí lórí wa, ó wò mí, ó sì gbé búrẹ́dì fún mi.

Ọjọ́ kejì ni mo dúró níwájú ìpàdé pé Onísùúrù ni ká mú. Mo ní ó ṣeé tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún. Gbogbo wọn mi orí. N kò tíì rí ìpàdé tí wọ́n ti bá nǹkan tó ṣeé tẹ̀ jà. Mo wá jókòó ṣe àwọn ọ̀rọ̀ tèmi. Èyí tó bàjẹ́ díẹ̀, mo pè é ní Ó Ku Díẹ̀. Èyí tó bàjẹ́ gan-an, Ó Ń Sinmi, mo fún un ní àwọ̀ búlúù bíi ti ojú ọ̀run. N kò gbọ́ Faransé tó láti tú wọn, Ẹ̀gbọ́n Ṣínà fúnra rẹ̀ ló bá mi tú wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní API yìí ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ó wà nínú ìlànà, mo sì kà á: irinṣẹ́ náà á dá áàpù dúró, kò ní jẹ́ kó jáde lọ bá àwọn oníbàárà, bí ó bá rí féèlì. Féèlì nìkan. Mo kà á, ó yé mi. Mo ní kò burú, ẹnu ni màá fi sọ tèmi.

Nígbà tó yá, ìdánwò kan bàjẹ́ gan-an. Bí onísọ́ọ̀bù bá fẹ́ fagi lé ọ́dà rẹ̀, tó tẹ ibi ìfagilé, dípò kí ọ́dà náà kú, ṣe ló ń di ìlọ́po méjì. Mo kọ Ó Ń Sinmi sí i. Mo wá lọ bá Ẹ̀gbọ́n. Mo kí i. Mo béèrè ìyàwó, mo béèrè àwọn ọmọ, mo béèrè ojú ọ̀nà Pọ́bẹ̀. Mo wá ní bí àyè bá wà, ibi ìfagilé yẹn, kí ẹ kàn bá wa fojú kàn án. Ó ní òun ti gbọ́, òun dúpẹ́. Ó gbọ́ ọ bí a ṣe ń gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́". Lọ́jọ́ Jímọ̀ áàpù jáde, ògiri búlúù rẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, onísọ́ọ̀bù kan fẹ́ fagi lé ọ́dà, ọ́dà di méjì. Ó ní kí ló dé, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó di mẹ́rin. Inú bí i, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń lu ilẹ̀kùn. Òun nìkan kọ́. Àwọn békárì rò pé ọdún kan ń bọ̀ tí wọn ò sọ fún àwọn, wọ́n yan búrẹ́dì títí ìyẹ̀fun fi tán. Nígbà tí a ó fi dé ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ajé, àwọn onísọ́ọ̀bù ti kó búrẹ́dì wa dá padà fún wa. Màdáàmù ò rí ilẹ̀kùn ṣí. Búrẹ́dì ti dí ẹnu ọ̀nà, ojú fèrèsé la gbà wọlé. Búrẹ́dì la jẹ láàárọ̀, òun la jẹ lọ́sàn-án, a fún àwọn ọlọ́kadà aláṣọ yẹ́lò, a fún àwọn adìẹ àdúgbò títí wọ́n fi ń sá bí wọ́n bá rí wa.

Màdáàmù pe ìpàdé. Ó wo ògiri, kò rí pupa kankan, gbogbo rẹ̀ búlúù, gbogbo rẹ̀ ń sinmi. Ó ní ẹ̀rọ ìdánwò ò rí nǹkan, kí ẹni tó kọ áàpù náà dìde. Ẹ̀gbọ́n Ṣínà dìde. Ó ní òun ni, òun ò mọ̀ pé ó bàjẹ́. Kò wo ọ̀dọ̀ mi, nítorí kò sí ìdí tí yóò fi wò mí. Búrẹ́dì wà lẹ́nu mi, n kò lè gbé e mì, n kò sì lè tu ú.

Wọ́n fún ẹlòmíràn ní ipò olórí ọ́fíìsì Pọ́bẹ̀. Kọ̀tọnú níbí ni ọkùnrin yẹn àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ọkùnrin náà sunkún nígbà tó ń kó ẹrù lọ sí Pọ́bẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo lọ bá Màdáàmù, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ìlàjì Faransé tó fi dá mi lóhùn ló yé mi, ìlàjì yẹn sì tó mi. Ó ní òun ti fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Pọ́bẹ̀, kò ṣeé yí padà. Ó ní kí n lọ gbé Bẹ́ẹ̀-ni-Bẹ́ẹ̀-kọ́ wọlé kíá. Mo gbé e wọlé. Ògiri pọ́n, orúkọ Ẹ̀gbọ́n kún un, mo lọ fara pamọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ó dúró níwájú rẹ̀, ó ń họ orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ tó ti sọ nù. Kó tó di ọ̀sán ó ti tún púpọ̀ nínú wọn ṣe. Pupa ò pa á lára rárá. Èmi ni mo ti ń bá a bẹ̀rù nǹkan tí òun ò bẹ̀rù.

Nígbà tí a ń jẹ ìrẹsì lọ́dọ̀ obìnrin tó ń tà á ní iwájú ọ́fíìsì, ó ní kí ló dé tí API ti tẹ́lẹ̀ ò fi àwọn nǹkan yìí han òun. Ẹnu mi ṣí. Mo ní ẹ kú oòrùn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ojú lọ́nà àwọn ọmọ.

Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. "Àbúrò, ta ló kú?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Mo rí ibi ìfagilé yẹn kí áàpù tó jáde. Mo kọ ọ́ pé ó ń sinmi. N kò fẹ́ kọ féèlì sí orúkọ yín."

Ó wá ní, "Èmi ni mo tú u sí Faransé fún ọ." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì rìn jìnnà. Ó wo inú abọ́ rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun náà ò tíì sọ fún ìyàwó òun. Gbogbo ìgbà tó bá béèrè nípa ọ́fíìsì Pọ́bẹ̀, òun á ní ó ku díẹ̀.

"Ìwọ lo mọ bó ṣe lọ," ó ní. "Bá mi lọ sọ fún un. Má bá a kí jù."

Mo ní màá lọ. Mo lọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí òun tó dé. Màmá Bọ́lá, ìyàwó rẹ̀, gbé àga fún mi, ó ní Bọ̀dá, ọkọ òun, máa ń sọ̀rọ̀ mi. Mo kí i, n kò kí i jù. Mo ní, "Màmá Bọ́lá, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì yẹn ni mo bá wá." Ojú rẹ̀ tàn. Kí n tó sọ ìyókù, ó ti fà mí lọ́wọ́ wọ yàrá. Ó ti fọ kọ́tìnnì. Ó ti kó ẹrù àwọn ọmọ kúrò ní igun kan. Ó fi ìṣó kan hàn mí tó fúnra rẹ̀ kàn mọ́ ògiri, ó ní ibẹ̀ ni Bọ̀dá á máa fi ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ kọ́ láràárọ̀. Ó ní kí n fà á wò bóyá ó le, nítorí èmi ni mo ń dán nǹkan wò.

Mo fà á. Mo ní ó le.

Ó fún mi ní gàrí kí n gbé lọ, mo gbà á. Ẹ̀gbọ́n Ṣínà bá mi pàdé ní gáréèjì Pọ́bẹ̀ bí ó ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó wo gàrí, ó wo ojú mi. Ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ, èmi wọ ọkọ̀ padà sí Kọ̀tọnú. Gbólóhùn kan ṣoṣo tó rán mi sí ìyàwó rẹ̀ ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè, kò sì tíì jáde lẹ́nu mi.